Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó: Ta Ló Ń Yẹ Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Eré Ọkọ̀ Wò?

Sí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá,
Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà (FRSC),
Àbújá.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ bá wa kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín tí oòrùn ń pa, tí òjò ń pa lójú títì. Wọ́n kú ewu. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín kò gba ìkíni gígùn, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó wọ́ àwókù ọkọ̀ kúrò lọ́nà ni rédíò ti ń sọ pé eré àsápajúdé ló fà á. Ẹnu àwọn agbẹnusọ àjọ yín ni ọ̀rọ̀ náà sì sábà máa ń ti jáde. Nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ ń gbé jáde lọ́dọọdún náà, eré àsápajúdé ló máa ń gbé ipò kìíní nínú ohun tó ń fa ìjàm̀bá, tí táyà tó bẹ́ àti bíréèkì tó kọ̀ á sì wà lára àwọn tó kù. N kò wá bá yín jiyàn pé eré kì í pani. Ó ń pani, ó ti pa àwọn tí mo mọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé: èló ni eré náà? Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ohun tó fi wọ̀n ọ́n ńkọ́, ta ló yẹ ẹ́ wò?

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí pé iṣẹ́ yín ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Maja-Maja, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ yín sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ wa pẹ́ tó báyìí, ó yẹ ká lè bi í léèrè.

1. Inú òfin ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Abala 203 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi eré àsápajúdé kìkì nítorí pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dúró, tó ní lójú tòun, ọkọ̀ náà sáré jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ òfin náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ tí a fún láṣẹ bá lo ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ eré ọkọ̀, tó sì mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wá síwájú adájọ́, a kò tún nílò ẹ̀rí mìíràn láti kín tirẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wò ó dáadáa. Òṣìṣẹ́ kan náà ni. Ojú rẹ̀ nìkan kò tó. Bí ẹ̀rọ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó. Ẹ̀rọ ni òfin fi rọ́pò ẹlẹ́rìí kejì. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí tó bá jẹ́ ènìyàn, agbẹjọ́rò lè da ìbéèrè bò ó: níbo lo dúró sí, ṣé o ríran dáadáa, ṣé kò sí ìjà láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wọn eré ọkọ̀, kì í dáhùn ìbéèrè. Ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò àti àṣìṣe tí wọ́n bá lára rẹ̀ nìkan ló lè gbẹnu sọ fún un. Abala 84 nínú òfin kan náà béèrè ìwé ẹ̀rí kí àkọsílẹ̀ tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde tó di ẹ̀rí ní kóòtù. Ní kóòtù alágbèéká tó ń jókòó lẹ́bàá títì, tí èrò ń dúró nínú ọkọ̀, tí awakọ̀ fẹ́ tètè san owó ìtanràn kó lè máa lọ, awakọ̀ mélòó ló mọ̀ pé òun lè ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí náà han òun?

2. Bí ìyá oníresì bá lu ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú, olè ni gbogbo ọjà á máa pè é, ìjọba sì ní òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n tó lè mú un. Rédà náà kọ́ńgò ni. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n ti orílẹ̀-èdè ní Ẹnúgu. Ẹ̀ka ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọrọ̀ ajé. Òṣùwọ̀n tó lè gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, tó lè sún un dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n, kò gbọdọ̀ ní àyẹ̀wò tó kéré sí ti kọ́ńgò ìrẹsì.

3. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Òótọ́ ni, kì í mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá títì nígbà tí tírélà tó ń fọn fèrè ń kọjá mọ̀ pé ohùn fèrè náà máa ń ga bó ṣe ń bọ̀, ó sì máa ń wálẹ̀ lójijì bó bá ti kọjá. Ohun tí rédà ń ṣe gan-an nìyẹn, ìgbì rédíò ló kàn ń lò. Rédà tó ń ṣiṣẹ́ lórí 24.15 GHz, ìyẹn ìgbì bílíọ̀nù 24.15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá na ìgbì sí ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìgbì tó padà wá á fi nǹkan bí 4,475 yàtọ̀ sí èyí tó jáde lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ di nọ́ńbà tí ẹ̀ṣọ́ ń rí. Ìṣirò yẹn kò ní àbùkù. Ọwọ́ tó gbé ẹ̀rọ dání àti ibi tí onítọ̀hún dúró sí ni wàhálà ti ń wọlé.

Ìgbì rédà kì í rìn bí okùn. Ó ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èyí tó bá fẹ̀ tó 12 dígírì á ti gba ààyè tó ju 60 mítà lọ kó tó dé ọ̀nà jíjìn 300 mítà. Ẹ ro ohun tó lè wà nínú 60 mítà lágbègbè Mowe ní ìrọ̀lẹ́ Friday: ọ̀nà àlọ, ọ̀nà àbọ̀, kòróópe mẹ́ta, tírélà méjì, àti ọlọ́kadà tó ń gba òdì bọ̀. Gbogbo wọn ni ìgbì ń bà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ara irin rẹ̀ tóbi jù ló sì sábà máa ń dá ìgbì tó lágbára jù padà. Nítorí náà, nọ́ńbà tó yọ lójú ẹ̀rọ lè jẹ́ ti tírélà tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, kó sì jẹ́ Kòrólà tó wà níwájú ni ẹ̀ṣọ́ á dá dúró. Nọ́ńbà á tọ̀nà, ọkọ̀ kò ní tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ìdagun tún wà. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó sì na rédà ní ìdagun 20 dígírì, ọkọ̀ tó ń sá 100 á hàn bíi 94. Awakọ̀ ni èyí ń gbè, n kò ní bá a jà. Àmọ́ bí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ bá ń rìn, nǹkan á yí padà. Rédà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn eré ọkọ̀ tó gbé e kó tó lè yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀ eré ọkọ̀ méjèèjì tó ń pàdé ara wọn. Bó bá fi ìdagun wọn tirẹ̀ kéré, ohun tó ṣẹ́ kù á bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń bọ̀ lọ́kàn-án-kán. Ẹni ẹlẹ́ni á wá ru ẹrù eré tí ọkọ̀ ìjọba sá.

4. Lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn eré, tẹ́ẹ́rẹ́ ju rédà lọ. Ní 300 mítà, ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju mítà kan lọ, torí náà ó rọrùn láti mọ ọkọ̀ tó bà. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ bá yẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì rá láti ara gíláàsì iwájú dé ẹnu bọ́ńpà, mítà kan péré láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lè fi kìlómítà 12 kún eré ẹni. Àwọn tó ṣe é ti fi ọgbọ́n sínú rẹ̀ láti kọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá pé, bí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò.

5. Kò sí ohun tí mo sọ yìí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Miami, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979, wọ́n fi hàn gbogbo ayé lórí tẹlifíṣọ̀n pé rédà kan ní igi tó dúró gbagidi ń sá 86 máìlì ní wákàtí kan, ilé kan náà sì ń sá 28. Ilé! Adájọ́ Alfred Nesbitt gbọ́ ẹnu àwọn onímọ̀, ó sì kọ̀ láti gba ẹ̀rí rédà bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà náà wọlé. Ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà kan náà, kámẹ́rà fún awakọ̀ kan ní tíkẹ́ẹ̀tì pé ó ń sá 38 máìlì níbi tí 25 wà fún. Fídíò tí wọ́n fi ti tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ló fi hàn pé ọkọ̀ ọ̀hún dúró jẹ́ẹ́ níbi iná ojú pópó. Kí ọdún 2013 tó parí, wọ́n ti pa kámẹ́rà wọ̀nyẹn tì. Ohun tó gba awakọ̀ náà sílẹ̀ ni pé wọ́n fún un ní fídíò. Ká ní nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fún un, ta ni ì bá gbà á gbọ́?

Jámánì kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń fojú kéré ẹ̀rọ, síbẹ̀ wọ́n máa ń yọ kìlómítà 3 kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, bí eré náà kò bá ju 100 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àṣìṣe tí OIML R 91, ìlànà àjọ àgbáyé tó ń rí sí òfin òṣùwọ̀n, fàyè gbà fún rédà lójú títì náà nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ wọn tún sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìwọ̀n náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú fáìlì ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́tò méjì ni kámẹ́rà ojú pópó àtijọ́ ń yà, pẹ̀lú ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá láàárín wọn, lórí ilà tí wọ́n ti kùn sójú títì. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà á ti rin 13.9 mítà láàárín fọ́tò méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka ilà lè yẹ iṣẹ́ rédà wò. Ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì ló ná wọn.

6. Ẹ jẹ́ ká yíjú sí awakọ̀ náà, torí òun pẹ̀lú ní mítà. Ìwé òfin yín ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí bọ́ọ̀sì àti takisí má kọjá 90, kí tírélà àti táńkà má kọjá 60. Kìlómítà ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni nọ́ńbà ńláńlá ojú mítà wọn. Ti kìlómítà wà nísàlẹ̀, wínníwínní. Ẹni tó rí 60 tó fọkàn balẹ̀ ti ń sá 97. Bó bá tún pààrọ̀ táyà sí èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mítà rẹ̀ á máa sọ eré tó dín sí èyí tó ń sá.

Mo sọ èyí nítorí spíìdì límítà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá iye eré kan, tí ẹ ti ń lé àwọn ọkọ̀ akérò láti fi sínú ọkọ̀ láti bí ọdún 2016. Bí límítà náà bá ń ka yíyí táyà, tí wọ́n fi sí 90, tí olówó ọkọ̀ sì wá fi táyà tó fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tóbi jù sí i, ọkọ̀ náà á máa sá 94.5 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan límítà. Ìwé pé límítà wà nínú ọkọ̀ kò tó. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sáré, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí ẹ ti yẹ̀ wò wọ̀n ọ́n.

7. Ibi tó dùn mí jù rèé: ìwádìí lẹ́yìn ìjàm̀bá. Níbẹ̀ kì í ṣe owó ìtanràn ló wà nílẹ̀, òkú ló wà nílẹ̀. Ẹni tó yè nínú awakọ̀ méjèèjì lè lọ sẹ́wọ̀n, ìdílé ẹni tó kú sì lè pàdánù owó ìbánigbófò, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹnìkan kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Títì máa ń jẹ́rìí bí a bá tètè bi í. Bí táyà bá há, tí ọkọ̀ sì ń wọ́ lọ, ipa dúdú tó fi sílẹ̀ lójú ọ̀dà ṣeé wọ̀n. Gígùn ipa yẹn àti bí ọ̀dà ibẹ̀ ṣe ń di táyà mú tó, àwọn méjèèjì ló ń sọ eré tí ọkọ̀ ń sá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ipa tó gùn tó 40 mítà lórí ọ̀dà gbígbẹ tó dán mọ́rán, tí ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.7, ń tọ́ka sí bíi 84 kìlómítà ní wákàtí kan. Ipa kan náà, lórí ọ̀dà tí òjò ti rẹ, tí ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.5, ń tọ́ka sí bíi 71. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 80, ọ̀kan jẹ̀bi, èkejì kò jẹ̀bi. Òjò ló wà láàárín wọn. Nítorí náà ẹni tó bá kọ iye eré sílẹ̀ láì dán ìdìmú ọ̀dà náà wò níbẹ̀, bó ṣe wà ní wákàtí yẹn, àfẹnusọ ló kọ.

Ìṣirò yìí tún gba pé ọkọ̀ náà wọ́ títí ó fi dúró. Bó bá jẹ́ pé ìdí tírélà ló dá a dúró, iye tó kéré jù ni nọ́ńbà yẹn, a gbọ́dọ̀ fi agbára ìkọlù kún un. Ọkọ̀ tó ní ABS, bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, kì í sì fi ipa dúdú tó hàn sílẹ̀. Èyí kò sọ pé awakọ̀ kò tẹ bíréèkì. Táyà tó bẹ́ pẹ̀lú máa ń fi àmì tirẹ̀ sára ọ̀dà àti sára ríìmù, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á mọ èyí tó bẹ́ kí ọkọ̀ tó kọ lu nǹkan àti èyí tó bẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ní láti ṣí ọ̀nà kíákíá kí ìjàm̀bá kejì má bàa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù, ṣọ́ọ̀kì àti fóònù tó ń ya fọ́tò kò gba àkókò púpọ̀. Bí wọ́n bá ti wọ́ ọkọ̀ kúrò, tí ọkọ̀ mìíràn sì ti tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rí ti lọ.

8. Ẹ̀rí kan wà tó ń bá wa gba ẹnubodè wọlé lójoojúmọ́ tí a kì í lò. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ní àpótí kékeré kan tó so mọ́ éábáàgì, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìjàm̀bá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ọkọ̀ tuntun tó bá ní irú àpótí yìí lè sọ eré ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó kọ lu nǹkan, pẹ̀lú bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ní Yúróòpù, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ló gbọ́dọ̀ ní i láti oṣù keje ọdún 2024. Ẹ̀rọ tó ń kà á wà lọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwa, àwókù ọkọ̀ á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú u tà fún àwọn oní-pààtì, àpótí ẹ̀rí á sì bá a lọ.

Òun náà kì í ṣe wòlíì o. Ara táyà ló ti ń mú nọ́ńbà rẹ̀. Bí táyà bá há tí ọkọ̀ ṣì ń wọ́ lọ, àpótí lè sọ pé eré ti wálẹ̀ nígbà tí kò tíì wálẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kà á, kó sì fi wé ipa tó wà lójú títì.

9. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, Ọ̀gá Àgbà:

Kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rédà, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò wà lójú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé. Èyí tí ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ bá ti kọjá ọdún kan, kí ó kúrò lójú títì. Bí irinṣẹ́ tí wọ́n á fi yẹ rédà àti lésà wò kò bá tíì pé ní Ẹnúgu, kí ẹ̀yin àti SON jọ wá a. Nínú owó ìtanràn gan-an ló yẹ kí owó rẹ̀ ti jáde.

Kí ẹ máa yọ kìlómítà 3, tàbí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bí eré bá ju 100 lọ, kí ẹ tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Kí fọ́tò tàbí fídíò ọkọ̀ náà gan-an wà pẹ̀lú ẹ̀sùn, kí awakọ̀ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni.

Kí agbẹnusọ yín yé dárúkọ eré gẹ́gẹ́ bí okùnfà ní ọjọ́ ìjàm̀bá. "A ṣì ń wádìí" kò ti ẹnikẹ́ni lójú. Nínú àkọsílẹ̀ ọdọọdún, kí ẹ pín eré àsápajúdé sí méjì: èyí tí ẹ wọ̀n, pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹ gbà wọ̀n ọ́n, àti èyí tí ẹ fojú dá. Ẹni tó ń ṣètò ọ̀nà, tó ń pinnu ibi tí táyà burúkú ti ń pani ju eré lọ, nílò ìyàtọ̀ yẹn.

Kí ó kéré tán, àgọ́ yín kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tó ń ka àpótí ìjàm̀bá, àti òṣìṣẹ́ méjì tó mọ̀ ọ́n kà. Kí ẹ sì bá ọlọ́pàá ṣe àdéhùn pé wọn kò ní tú ọkọ̀ tó pa ènìyàn tà kí ẹ tó kà á.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: iye rédà àti lésà tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kẹ́yìn. Ọjọ́ 7 ni òfin náà fún yín láti dáhùn. Ibi tí mo gbé lẹ́tà yìí sí náà ni màá gbé èsì yín sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan, Ìbàdàn.